Kí Ni A Ń Pe "Jerk" Ní Yorùbá? Ìbéèrè Náà Gan-an Ló Wọ́

Láti ìlú Aládé ní Ìdànrè, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta, ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí yín, ọ̀rọ̀ ìjà sì ni. Kì í ṣe ìjà kùmọ̀, kì í ṣe ìjà àdá. Ìjà lórí àṣà kan ni, àṣà tó ti di bárakú láàárín àwa tí a ń kọ́ èdè yìí àti àwa tí a fi ń kọ́ ẹlòmíràn. Àṣà náà nìyí: a ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, a ó kọ ọ́ sí apá òsì ìwé, a ó to ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tàbí márùn-ún sí apá ọ̀tún, a ó sì pe gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á dà á sílẹ̀ nínú ìdánwò, olùkọ́ á sì fún un ní máàkì. Wọ́n ní ó parí.

Èmi ní kò tíì parí. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí ti wọ́, ó sì tó àkókò kí ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni "jerk". Mo yàn án nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa béèrè rẹ̀, àti nítorí pé kò sí ibi tí àkójọ apá òsì àti apá ọ̀tún ti ń ṣini lọ́nà tó ti orí àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ìgbéra òjijì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀tọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí "jerk" kọ́kọ́ hàn nínú ìwé wọn, lílu pàṣán lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń fi í pè. Kò pẹ́ tí ó fi di fífà tàbí gbígbéra lójijì, láìṣe díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di èébú fún ẹni tí ìwà rẹ̀ kò sunwọ̀n. Àwọn ará Jàmáíkà náà ní ẹran "jerk", èyí tí wọ́n ń fi ata àti èròjà pa lára kí wọ́n tó yan án. Ìyẹn kò bá ìgbéra òjijì tan rárá. Inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Sípéènì náà, "charqui", ni ó ti wá, àwọn yẹn sì yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ èdè Quechua ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi í pe ẹran gbígbẹ. Bí a bá fẹ́ ohun tó sún mọ́ ẹran gbígbẹ yẹn ní ọ̀dọ̀ tiwa, kílíṣí ni, ọ̀rọ̀ tí àwa náà yá lọ́wọ́ àwọn Haúsá.

Ẹ ò rí i pé "jerk" fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Síbẹ̀ mo ti rí àkójọ kan tí wọ́n fi lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, tí "òmùgọ̀" jókòó ti "fà" nínú rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ! "Òmùgọ̀" tí wọ́n fi sí i pàápàá kò tọ̀nà. Òmùgọ̀ lè jẹ́ ọmọlúàbí tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "jerk" lè gbọ́n bí ìjàpá, àmọ́ kò ní ojú àánú, kò sì ka ẹnikẹ́ni sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èébú àti ẹran sílẹ̀, kí a wá sí ìgbéra òjijì tó jẹ́ orí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ wo bí a ti ń sọ ọ́ ní Aládé lójoojúmọ́. Bí ọlọ́kadà bá tẹ bíréékì lójijì lẹ́bàá ọjà, a ó ní ọ̀kadà jù wá síwájú. Bí olè bá na ọwọ́ sí báàgì obìnrin, a ó ní ó já a gbà. Bí ẹni tó sùn bá gbọ́ ariwo, a ó ní ó ta kìjí. Bí a bá pe ẹnì kan láti ẹ̀yìn, a ó ní ó yí bìrí. Ẹni tó jókòó tí ejò sì kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dìde fùú, ó sì bẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ibà mú ń gbọ̀n rìrì. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú lè dúró jẹ́ẹ́ lójú kan, síbẹ̀ àyà rẹ̀ já.

Gẹ̀ẹ́sì lè fi "jerk" sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, èyí tí kò bá sì gbà á, akójọ-ọ̀rọ̀ á ṣáà fi í sínú àpò kan náà. Mo wá ń béèrè: èwo nínú wọn ló lè gba ipò èkejì? Ta ni yóò sọ pé olè ta kìjí báàgì obìnrin? Ta ni yóò sọ pé ẹni tí ibà mú ń já gbà? Ọ̀rọ̀ tí kò lè jókòó sórí àga ẹnìkejì rẹ̀ kì í ṣe onítumọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Aládùúgbò ni wọ́n lè jẹ́.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti di bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ pọ̀ mọ́ inú ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo. Yorùbá a máa pín iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan á sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀, èkejì á sọ ibi tó yọrí sí, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé á sì ya àwòrán rẹ̀ fún etí. Ẹ wo "fà" nìkan. Ó fà á já: okùn ni. Ó fà á ya: aṣọ ni. Ó fà á tu: koríko ni. Ó fà á yọ: ìṣó ni. Ó fà á ṣubú: ènìyàn ni. Ìfà kan, àbájáde márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpọ́nlé kò ṣe é fi ṣeré. Ẹni tó yí lè yí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó yí bìrí ti yí tán kí o tó mọ̀. Ẹni tó ṣubú gbì wúwo. Etí rẹ sọ fún ọ kí ojú rẹ tó rí i. Ẹni tó kọ "fà" nìkan síwájú "jerk" mú orí ẹran, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Àwa a máa béèrè ìdí. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé wa. Nínú "ta kìjí", oorun wà níbẹ̀, ohun tó dà á rú sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú "já gbà", ẹni tó ni nǹkan wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ru ìtàn dání. Bí a bá bọ́ ìtàn náà kúrò lára wọn kí wọ́n lè bá àkójọ mu, kí ló kù?

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ìwọ yìí, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ta ni yóò kú nítorí àkójọ ọ̀rọ̀?" Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá, kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí inú kíláàsì.

Èkínní ni oko kòkó. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, ọmọdé ibí sì mọ̀ pé orí èèpo igi, lára ìtì àti ẹ̀ka, ni òdòdó kòkó ti ń yọ. Ojú kan náà ni yóò tún ti yọ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé èso náà, tàbí kí wọ́n fi irin tó tẹ̀ bí ìkọ́ tí a dè mọ́ orí ọ̀pá gígùn gé èyí tó wà lókè, kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ fà á tagbáratagbára. Ẹni tó fi ọwọ́ fà á lè bó ojú tí òdòdó ti ń yọ, èso ọdún tó ń bọ̀ yóò sì bá a lọ. Gẹ̀ẹ́sì lè fi "jerk" sọ ìkìlọ̀ yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó há àkójọ sórí wá túmọ̀ rẹ̀: "jerk" ni "já", nítorí náà, "Ẹ má ṣe já kòkó." Ẹ gbọ́ ná! Jíjá ni a ń já èso. Ó ti sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó má ṣe kórè rárá. Àgbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á sì padà sí bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ti bi ara rẹ̀ pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an lójú igi, ì bá ti sọ pé, "Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má ṣe fi ọwọ́ fà á ya." Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, igi á sì yè.

Èkejì ni ilé ìwòsàn, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi wà. Ọmọ tuntun jòjòló tí a gbé sílẹ̀ lójijì á na apá méjèèjì, á ta gìrì, á sì tún kó apá náà jọ. Kò sí àìsàn níbẹ̀; bí Ọlọ́run ṣe dá ọmọ ni, kì í sì í sábà kọjá oṣù mẹ́fà. Ọmọ mìíràn wà, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ojú rẹ̀ yí, tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ìyẹn ni à ń pè ní gìrì. Ẹni tí ibà ń ṣe tí òtútù mú, tí ó ń gbọ̀n rìrì, tó sì ń dáhùn bí a bá pè é, ìyẹn kì í ṣe gìrì. Ẹni tí ó máa ń ṣubú lójijì láti ìgbà dé ìgbà, wárápá lè ni. Dókítà tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè lo "jerk" fún èkínní, kí ó lò ó fún èkejì, kí ó sì tún lò ó fún ìkẹrin. Ìyá ọmọ kò ní ṣi wọ́n pè. Ẹni tó jókòó sáàárín wọn láti ṣe ògbufọ̀ ni ìjàǹbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti há a sórí pé "jerk" ni "gbọ̀n", ọmọ tí gìrì ń mú lè di ọmọ tí òtútù ń mú nínú ìwé. Bí ó bá ti há a pé "jerk" ni "gìrì", ìyá tí ọmọ rẹ̀ kàn ta gìrì á sáré lọ wá àgbo.

Irú àgbo wo? Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn kọ ọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 pé àpòpọ̀ ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí àwọn kan ń fún ọmọ nítorí gìrì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kú nínú rẹ̀. Ibà lè fa gìrì, àìsàn tó mú awọ ọpọlọ lè fà á, ara gbígbóná lásán náà lè fà á. Ojú kan náà ni gbogbo wọn máa ń gbé wá. Nítorí náà, kí a dá ọmọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí yóò sọ èyí fún ìyá ọmọ ní Yorùbá tó yé ni gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín "ta gìrì" àti "gìrì". Àkójọ apá òsì àti apá ọ̀tún kò lè kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a yọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2022, níbi Ìdíje Kọ́mọ́wẹ́ọ̀tì ní Birmingham, Adijat Ọlárìnóyè àti Ráfíátù Fọláṣadé Lawal gba góòlù fún Nàìjíríà nínú gbígbé irin. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà gbé irin nínú ìdíje náà. Nínú ọ̀kan, a ó gbé irin láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú èkejì, tí orúkọ rẹ̀ ní "jerk" nínú, a ó kọ́kọ́ gbé e ka èjìká, a ó sì tún fi agbára ẹsẹ̀ àti apá gbé e dé òkè orí. Ẹ bi alákòójọ wa kí ló ń jẹ́ "jerk", yóò ní "fífà". Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fa nǹkan kan. Títì ni wọ́n ń ti irin sókè! Àkójọ náà yí ìṣẹ̀lẹ̀ padà sí òdìkejì rẹ̀. Èmi dábàá "àjágbé" fún ti àkọ́kọ́ àti "ìgbékà-òun-ìtìsókè" fún ti èkejì. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ kí ó mú un wá, bí ó bá ṣáà ti wo irin náà kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ má rò pé ohun tí mò ń sọ yìí jẹ́ tuntun. Ní ọdún 1852, ìwé méjì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ni ìwé Peter Mark Roget, tó kó àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ara wọn jọ sí abẹ́ èrò kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther kọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Bíṣọ́ọ̀bù Vidal kọ sí ìwé Crowther, ó pe àkíyèsí sí i pé Yorùbá ní àwọn àpọ́nlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń bá rìn, tí kì í bá òmíràn rìn. Ẹ ò rí nǹkan! Láti ọdún náà ni wọ́n ti sọ fún wa pé bìrí ní "yí" tirẹ̀, fùú ní "dìde" tirẹ̀. Ó di ọdún 1935 kí C. M. Doke tó dá orúkọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì fún irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn èdè Bàǹtú. Ohun tí Roget ṣe dára fún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí inú Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣe é. Àwa ni a fi agbọ̀n Roget ru ọ̀rọ̀ Crowther, tí a sì ń bínú pé ó ń jò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè nílò ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Òótọ́ ni. Èmi kò ní kí a sun ìwé atúmọ̀ èdè níná. Ìwé Abraham ti ọdún 1958 wà lọ́dọ̀ mi, iyì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nítorí pé ó ń fi gbólóhùn gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n á tún ní íntánẹ́ẹ̀tì ti yanjú rẹ̀, nítorí Google ti ń túmọ̀ Yorùbá láti oṣù Kejìlá ọdún 2013. Bí o bá tẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ, kò ní bi ọ́ pé, "Kòkó ni àbí ọmọ? Irin ni àbí olè?" Ìbéèrè yẹn, ìwọ ni yóò bi ara rẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yé béèrè pé, "Kí ni a ń pe 'jerk' ní Yorùbá?" Ẹ máa béèrè nǹkan mẹ́ta dípò rẹ̀. Ta ló gbéra: ṣé nǹkan náà fúnra rẹ̀ ni, àbí ẹlòmíràn ló gbé e? Kí ló fà á, kí ló sì yọrí sí? Báwo ló ṣe rí lójú, tàbí báwo ló ṣe dún létí? Bí ẹ bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ Yorùbá á ti wà lẹ́nu yín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fún ọmọ ní máàkì lórí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú gbólóhùn.

Iṣẹ́ kan tún kù, tó kan àwa ará ibí. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí, Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Ní ọdún 1967, Abíọ́dún Adétúgbọ̀ pín àwọn ẹ̀ka èdè wa sí agbègbè ńlá mẹ́ta, ó sì fi ti ìhà Oǹdó sí gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀nà tí ẹ̀ka èdè tiwa ń gbà sọ ìgbéra òjijì kò tíì wọ inú ìwé tó bí ó ti yẹ. Wọ́n fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí UNESCO lè gbà wọlé ní ọdún 2007, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n òkè kò ní sá lọ. Àpọ́nlé tí ìyá àgbà kan mọ̀ ní Aládé, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò mọ̀, ni yóò bá a lọ. Kí ẹni tó bá ní àgbà nílé mú ìwé àti bírò, kí ó jókòó tì í, kí ó sì béèrè pé, "Màmá, bí ewúrẹ́ bá bẹ́ láti orí àpáta yìí, kí lẹ máa ń sọ?" Kí ó kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ lódindi, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀.

Ó dàbọ̀ ná o. Kí èdè Yorùbá má rẹ̀yìn. Àṣẹ.